Bí Ọwọ́ Bá Dilẹ̀, A Ó Lọ sí Bótì

Ilé Àrówólò, Ìnísà
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù January, 1998

Tàíbátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Tàófíìkì ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ààwẹ̀ ti pé ìdajì. Ọyẹ́ ń fẹ́ gidi, ètè gbogbo wa ti là. Ìyá rẹ wà ní àlàáfíà, ó ní kí n bi ọ́ ìdí tí lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn kò fi kún ojú ìwé kan. Èmi náà bi ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù July ọdún yìí, yóò pé ogójì ọdún tí wọ́n so yìgì èmi àti ìyá rẹ ní Adabraka, ní Accra. Yàrá kan ṣoṣo la ní nígbà náà. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri, tí àwọn tí mo ń ra àtùpà lọ́wọ́ wọn fún mi. Àwòrán omi Bótì ló wà lórí rẹ̀, omi méjì tó ń já bọ́ láti orí àpáta kan náà. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìnísà dé, kò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní, "Ṣé èèyàn ń dé ibẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò jìnnà sí Kofirídúà. Mo ní bí ọwọ́ bá dilẹ̀, a ó lọ.

Ọwọ́ kò dilẹ̀. Ọdún mọ́kànlá la tún lò ní Accra lẹ́yìn náà, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí mo ti ìsọ̀ mi pa, àfi ọjọ́ ọdún, ọjọ́ òkú tàbí ọjọ́ tí mo bá lọ ra ọjà. Nígbà tí ìjọba wá ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ta ló ń ro ti omi?

Nísinsìnyí, ọwọ́ ti dilẹ̀. Mo fẹ́ mú un lọ. Àwa méjèèjì nìkan ni kí a sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí omi náà, kì í ṣe pẹ̀lú èrò. Bá mi wádìí mọ́tò àti ọjọ́ tó dára. Má sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá rẹ. Sọ pé o fẹ́ kó wá rí àwọn ọmọ.

Olúdáre awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bí o bá fẹ́ fèsì, tètè kọ ọ́ kó tó padà, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùkáílà Àrówólò


Adabraka, Accra
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù February, 1998

Ẹ̀yin Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìtúnu ààwẹ̀. Gbogbo wa wà dáadáa. Ẹ má bínú pé Olúdáre lọ láìgba èsì. Kí n tó rí bírò, ó ti ń tẹ hóònù.

Bàbá, ṣé ara yín dá? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín nínú ìsọ̀. Abena, tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọjà Makola, rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni. Àgbàlagbà tó bá ṣàdédé fẹ́ mú ìlérí ogójì ọdún ṣẹ máa ń já ọmọ láyà. Kí ni dókítà sọ fún yín tí ẹ kò sọ fún wa?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti kékeré, n kò rí i kí ẹ bá Màmá rìn pọ̀. Ẹ̀yin á ti dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, Màmá á ṣì wà nídìí igi máńgòrò. Àwo yín yàtọ̀, àga yín yàtọ̀. Orúkọ wọn gan-an, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. "Ìyá Tàíbátù" ni, bí inú bá ń bí yín, "Ìwọ obìnrin yìí." Ẹ̀yin náà lẹ wá fẹ́ mú ìyàwó lọ ṣeré létí omi bí àwọn ọmọ yunifásítì! Tàófíìkì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán, mo wá rán an létí pé láti ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti gbé mi níyàwó, ibi tó jìnnà jù tó tíì mú mi lọ ṣeré ni Lapaz, nínú Accra níbí náà.

Mo ti wádìí. Wọ́n ní igba àtẹ̀gùn ó lé ní àádọ́ta ni èèyàn máa sọ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ náà ni yóò sì gùn padà. Eékún yín ńkọ́? Bí ẹ bá taku, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìparí oṣù March, kí Iléyá tó dé. Ilẹ̀ á gbẹ, ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀. Ẹ̀gbọ́n Abena ní mọ́tò tó lè gbé wa.

N kò sọ ìdí rẹ̀ fún Màmá. Mo kàn bi wọ́n léèrè nínú lẹ́tà tiwọn bóyá wọ́n á fẹ́ kí èmi àti àwọn jọ lọ wo omi Bótì.

Ọmọ yín,
Tàíbátù


Ìnísà
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù February, 1998

Tàíbátù,

Mo kí ọ. N kò ṣàìsàn. Mo lọ yẹ ara wò nítorí ìwọ. Dókítà ní ọkàn mi ń ṣiṣẹ́ ju tòun lọ. Eékún nìkan ló ń ké, ó sì ti ń ké láti ọdún 1985.

Ọ̀rọ̀ pé mo máa ń ṣíwájú ìyá rẹ, mo gbọ́. Ní Adabraka ayé ọjọ́un, ẹni tó bá wà níwájú ni olè máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ̀yin ọmọ máa ń rí ẹsẹ̀, ẹ kì í béèrè ìdí tó fi ń yá. Mo dárí jì ọ́. Kí Tàófíìkì náà lọ tọ́jú ẹ̀rín rẹ̀, yóò di arúgbó.

March dára. Omi ni omi ń jẹ́. Sọ ọjọ́ tí a ó wá.

Mo ti ra bàtà.

Bàbá rẹ,
Mùkáílà


Ìnísà
Ọjọ́ kẹta, oṣù March, 1998

Tàíbátù ọmọ mi àtàtà,

Àgbékẹ́ ìyá rẹ ló ń kí ọ. Ṣé àwọn ọmọ jí dáadáa? Ṣé ikọ́ àbíkẹ́yìn rẹ ti lọ? Fèyísọ́lá, tíṣà tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti mú un búra.

Bàbá rẹ rò pé n kò mọ̀. Ó ra bàtà onírọ́bà, ó ń wọ̀ ọ́ yí ilé po lẹ́yìn ìrun Àsárì kó lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ta ló ń ra bàtà àwọn eléré ìje ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin nítorí pé ó fẹ́ lọ kí ọmọ ọmọ? Ìwọ náà tún wá ń bi mí ní ọ̀rọ̀ Bótì. Mo so méjèèjì pọ̀, ó yé mi.

Kò gbọdọ̀ jẹ́ March. Omi yẹn kì í lágbára lẹ́ẹ̀rùn. Á máa kán bí ẹ̀rọ omi tí wọn kò tì dáadáa. July ló máa ń kún. O ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ti débẹ̀ rí.

Ọdún 1968 ni, ní oṣù July. Ọjọ́ ìsinmi ni, àwa obìnrin méje tí a jọ ń tà ní ìlà kan ní Makola sì háyà lọ́rì. Bàbá rẹ ti lọ ra ọjà ní Kùmáásì, ọjọ́ kẹrin ló fi dé. Mo gbé ìwọ fún Ìyá Ojúọlá, aládùúgbò wa. O mọ bí ilé wa ti rí, mi ò lè lọ ra iyọ̀ ní ìkóríta láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ mi. Bí mo bá sì ní kí n dúró títí yóò fi dé, lọ́rì ti lọ. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wo omi yẹn lára ògiri. Mo bá wọn lọ.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bó bá ti dé, màá kúnlẹ̀, màá jẹ́wọ́. Ó dé, kò tíì jókòó, ó na ọwọ́ sí kàlẹ́ńdà ọjọ́sí tí kò jẹ́ ká yọ kúrò lára ògiri. Ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fi Ọlọ́run búra, màá mú ọ débẹ̀." Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé mo ti lọ, mo ti bọ̀? Mo ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀." July tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ kò dilẹ̀. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti ní ká máa lọ sílé.

Ọgbọ̀n ọdún rèé. Nígbàkigbà tó bá dárúkọ omi yẹn nídìí oúnjẹ, mo máa ń dìde lọ bu omi mímu. Jíjáde tí mo jáde láìtọrọ àyè, ó ṣeé ṣe kó fi jì mí. Ṣùgbọ́n pé mo jókòó, mo ń jẹ́ kó máa ṣèlérí ohun tí mo ti rí, ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí. Bí mo bá dúró tì í létí omi náà tí mo ní, "Háà, omi rèé o," ojú mi á tú àṣírí mi. Ẹnu mi lè purọ́, ojú mi kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Nítorí náà, wá nǹkan kan sọ fún un, kí ìrìn náà má wáyé. Sun lẹ́tà yìí.

Ìyá rẹ,
Àgbékẹ́


Accra
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù March, 1998

Ẹ̀yin Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ọ̀rọ̀ Bótì kò ní ṣeé ṣe mọ́. Afárá kan ló já lọ́nà Kofirídúà, wọn kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe. Ẹrù mi náà ti dé sí èbúté Tema, n kò lè kúrò lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọgbà Aburi dípò rẹ̀. Òdòdó pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, kò sí àtẹ̀gùn kankan láti gùn. Tàbí kí ẹ kúkú dúró di ọdún mìíràn.

Mo fi búbá méjì àti ọṣẹ dúdú ránṣẹ́.

Tàíbátù


Accra
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù May, 1998

Ẹ̀yin Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iléyá ti wá, ó ti lọ, n kò rí lẹ́tà yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olúdáre ti wá láti ìgbà náà. Mo bi í bóyá ẹ fi nǹkan rán an, ó ní ẹ ní kó kí mi. Ìkíni nìkan! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ojú ìwé méjì nítorí pé ewúrẹ́ bímọ.

Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí. Ìbáwí yín sàn fún mi ju báyìí lọ. Ọkàn mi kò balẹ̀.

Tàíbátù


Ìnísà
Ọjọ́ kìíní, oṣù June, 1998

Tàíbátù,

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì. Mo rí búbá, wọ́n ṣe déédéé mi. N kò fèsì nítorí pé n kò tíì mọ ohun tí màá sọ.

Olúdáre gbé èrò lọ sí Kofirídúà lóṣù tó kọjá. Mo ní kó bá mi wo afárá tó já. Ó ní gbogbo afárá ló dúró.

Láti ọjọ́ tí mo ti fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́, n kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ rí. Aṣọ tí ò ń fi ránṣẹ́, ìfẹ́ inú rẹ ni. Ohun kan ṣoṣo yìí ni mo béèrè. Bó bá jẹ́ pé ojú ń tì ọ́ láti mú arúgbó méjì la ìgboro Accra kọjá lọ ṣeré, sọ ọ́, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n má tìtorí mi wó afárá olówó iyebíye.

Eékún mi kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yìí, ó ṣì lè sọ̀ kó sì gùn. N kò mọ ti ọdún tó ń bọ̀. Èmi àti ìyá rẹ yóò dé Accra ní ọjọ́ kẹrìndínlógún July, ọjọ́ kejìdínlógún ni a ó lọ. Bí o bá lè gbé wa lọ, gbé wa lọ. Bí o kò bá lè gbé wa, a ó wọ mọ́tò akérò tí ẹ ń pè ní tirótiró.

Mùkáílà Àrówólò


Accra
Ọjọ́ kejìlá, oṣù June, 1998

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Àǹtí Fèyísọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ka èyí, kí Bàbá má gbọ́ ọ láti ìta.

Màmá, n kò lè dì í mú mọ́. Bàbá ti ká irọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n sì rò pé ojú wọn ló ń tì mí. Lẹ́tà wọn dùn mí dé eegun. N kò tú àṣírí yín, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gun lọ́rì lọ́dún 1968, kí ló dé tí ó fi jẹ́ èmi ni ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn mi?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiyín ti lo ọgbọ̀n, ó ti rìn tó. Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi ojú àlejò wo omi náà. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin tó ń mú àlejò kiri níbẹ̀ ṣàlàyé gbogbo nǹkan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ fún yín, ẹ má mọ̀ ọ́n. Èmi àti Abena á jókòó sókè nídìí mọ́tò. N kò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ojú yín bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi mú irú bọ̀. Ti ibí kò dùn.

Tàíbátù


Ìnísà
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù August, 1998

Tàíbátù ọmọ mi,

A délé láyọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ kú àlejò wa. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Abena àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ata ọbẹ̀ Abena ta jù, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà tí èmi àti ìyá rẹ ti gòkè padà láti ìdí omi ni o ti ń wo ojú mi bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Mo rí ọ. N kò fẹ́ sọ ọ́ níwájú èrò. Mo ń sọ ọ́ báyìí.

Ìyá rẹ di apá mi mú láti ìdajì àtẹ̀gùn náà. Kò sẹ́ni tó ṣíwájú. A dé ìsàlẹ̀, omi kún gidi. Ọkùnrin tó ń mú àlejò kiri kò tíì la ẹnu, ìyá rẹ ti na ìka, ó ní, "Èyí ni akọ, èyí ni abo." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bi í, "Maame, woaba ha pɛn?" pé ṣé ó ti wá síbẹ̀ rí. Ìyá rẹ gbọ́ Twi dáadáa, ṣùgbọ́n apá mi ló tún dì mú. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé èmi ni mo ti ṣàlàyé fún un lọ́nà.

N kò ṣàlàyé nǹkan kan fún un lọ́nà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú, ó wò mí.

Ní August ọdún 1968, mo ń bọ̀ láti ìrun Jímọ̀, mo kọjá níwájú onífọ́tò kan ní Adabraka. Ó ní àpótí onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà tó ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí kí àwọn oníbàárà lè rí i. Obìnrin méje ló wà nínú fọ́tò kan, omi Bótì wà lẹ́yìn wọn. Ẹnì kẹta láti ọwọ́ òsì ni ìyá rẹ. Mo ra fọ́tò náà kúrò níbẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ìyàwó mi jáde láìtọrọ àyè, gbogbo Adabraka sì ti ń rí i nínú gíláàsì. Mo fẹ́ délé kí n gbé e síwájú rẹ̀ kó ṣàlàyé.

Ṣùgbọ́n mo tún wò ó lójú ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀, omi ti rin aṣọ rẹ̀, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta. Ọdún mẹ́wàá la ti jọ ń gbé nígbà náà, n kò rí ẹ̀rín yẹn rí. Mo dúró sí ìkóríta, mo ń rò ó pé ta ló jẹ̀bi nínú wa, ẹni tó lọ láìtọrọ àyè ni, àbí ẹni tó ti ń sọ pé bí ọwọ́ bá dilẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. N kò gbé e síwájú rẹ̀. Mo ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n lé wa, mo fi àtùpà tó kún ìsọ̀ sílẹ̀, mo fi fọ́tò náà sínú àpò Kùránì mi, mo gbé e wálé.

Nígbàkigbà tí mo bá dárúkọ Bótì nídìí oúnjẹ, ilẹ̀kùn ni mò ń ṣí fún un. Ó rò pé ìlérí ni mò ń ṣe. Nígbà tí ìwọ náà dá March, mo gbà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò sọ fún mi pé omi kì í kún níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Ọ̀dọ̀ rẹ ló gbà lọ. Nígbà tí o kọ̀wé pé afárá já, mo ti fura sí ẹni tó já a. Ó dùn mí pé o purọ́ fún mi. Ó ti tán.

Mo yọ fọ́tò náà nínú àpò níbẹ̀ yẹn, mo nà án sí i. Mo ní, "Àgbékẹ́, omi náà kò yí padà." Ó gbà á, ó wò ó. Ó kọ́kọ́ sunkún, ó fẹ́ kúnlẹ̀ lórí àpáta, mo dì í mú nítorí ibẹ̀ ń yọ̀. Atẹ́gùn wá fẹ́ omi sí wa lójú, gèlè rẹ̀ yẹ̀, bàtà tuntun mi kún fún omi. Ó wo bàtà náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo eyín rẹ̀ ló jáde, ìyẹn èyí tó kù.

Mo ti rí i. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn.

Bàbá rẹ,
Mùkáílà


Ìnísà
Ọgbọ̀njọ́, oṣù August, 1998

Tàíbátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Èmi Àgbékẹ́ ni. Fèyísọ́lá ló tún ń bá mi kọ ọ́, ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìbúra.

Bá mi ra férémù onígíláàsì kan ní Makola, èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí o fi rán Olúdáre. Bàbá rẹ ti kan fọ́tò náà mọ́ ògiri pálọ̀, eruku á bà á jẹ́.

Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń béèrè pé, "Bàbá, ẹ̀yin dà níbí?" Ó máa ń dá wọn lóhùn pé, "Iwájú wọn ni mo wà. Èmi ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín." Lánàá, ó sọ ọ́ fún Lémọ́mù.

Mo gbé omi tútù wá fún wọn, mo jókòó tì í, n kò sọ nǹkan kan. Ọgbọ̀n ọdún ni òun fi dákẹ́ fún mi.

Ìyá rẹ,
Àgbékẹ́